Àtíbàbà Ọ̀fẹ́: Ta Ni Ó San Owó Rẹ̀?

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dùn létí ọmọ ènìyàn, 'ọ̀fẹ́' kò kẹ́yìn. Bí a bá sọ fún ènìyàn pé nǹkan wọ́n, yóò béèrè ìdí tí ó fi wọ́n; yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ná an, yóò tún un ná. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè a máa tán lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí nìyí. Mo fẹ́ kí a fi ohun kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni àtíbàbà tí ènìyàn lè fi igi, páànù àti pákó àlòkù kọ́ sínú ọgbà rẹ̀ láì ná kọ́bọ̀ lórí wọn. Ǹjẹ́ ọ̀fẹ́ ni irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́? Bí kì í bá ṣe ọ̀fẹ́, ta ni ó san owó rẹ̀, kí sì ni owó náà?

Kò sí ẹni tí ó dá oko, tàbí tí ó ní ọgbà ẹ̀fọ́, tí kò mọ iyì àtíbàbà. Oòrùn ọ̀sán kò mojú ẹnikẹ́ni, òjò kì í sì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Abẹ́ àtíbàbà ni a ti ń sinmi. Ibẹ̀ ni a ń kó ọkọ́, àdá àti agbọ̀n sí. Ibẹ̀ náà ni a lè tọ́jú irúgbìn tí kò tí ì lè fara da oòrùn sí. Àtíbàbà kì í ṣe ilé. Kò ní ògiri, kò sì ní ìlẹ̀kùn. Òpó mẹ́rin tàbí mẹ́fà, igi tí a tẹ́ lé wọn lórí, àti ìbòrí, ó parí. Ní ayé àtijọ́, inú igbó ni gbogbo ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Igi tí ó ní pàlàkà ni a fi ń ṣe òpó, ọparun ni a ń tẹ́ sí orí rẹ̀, okùn igbó ni a fi ń dì í, imọ̀ ọ̀pẹ, ewé gbòdògì tàbí koríko bẹẹrẹ ni a sì fi ń bò ó. A kì í ra ọ̀kankan nínú wọn lọ́jà.

Síbẹ̀, bí a bá wò ó síwá sẹ́yìn, a ó rí i pé àwọn baba wa kò ka àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ohun tí kò ní iye. Ẹ jẹ́ kí a wo koríko bẹẹrẹ. Koríko lásán ni nínú pápá. Ẹnikẹ́ni lè gé e. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, a máa ń ṣe ọdún kan tí a fi orúkọ koríko yìí pè, Ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn tí ó wà lábẹ́ Aláàfin yóò gbé koríko náà wá láti fi bo ààfin. Koríko tí kò ní iye lórí ní pápá di ohun tí a fi ń júbà ọba nígbà tí ó bá dé ààfin. Ọwọ́ tí ó gé e, orí tí ó rù ú àti ìdí tí a fi gbé e wá ni ó sọ ọ́ di nǹkan ńlá.

Bákan náà ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ rí. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ́lé kò san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kí ó wá ẹmu, kí ó sì mọ̀ ní ọkàn rẹ̀ pé bí ó bá kan ẹlòmíràn, òun náà yóò dìde. Nínú àáró ẹ̀wẹ̀, kíkà ni a máa ń ka ọjọ́ iṣẹ́: ẹni tí a bá ro oko ní ọjọ́ kan yóò bá àwa náà ro ti wa ní ọjọ́ kan. A kò ná owó, ṣùgbọ́n gbèsè wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Lónìí, igbó ti jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ibi tí ará ìlú ti lè rí ohun èlò àtíbàbà láì sanwó ni ilé tí wọ́n wó, ilé-iṣẹ́ ìlagẹdú, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń pààrọ̀ òrùlé, àti orí ààtàn. Páànù tí ìṣó ti lu, férémù fèrèsé, ìgékù pákó, àti pákó tí a ń to ẹrù lé lórí ní èbúté, tí wọ́n ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n lè tún lò. Ohun rere ni èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí a bá gbé òwe yìí yẹ̀ wò, a ó rí i pé àkísà jẹ́ ohun ìní nínú rẹ̀. Ó jẹ́ ẹ̀rí ọdún tí a ti lò láyé, àti ti ọgbọ́n tí ó mọ̀ pé ohun tí ó ti gbó lè wúlò lọ́la.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọgbọ́n yìí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Àwọn awalẹ̀pìtàn, lára wọn Peter Garlake tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ti hú ilẹ̀ àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́. A to àwọn àpáàdì náà ní ìdúró, ọ̀kan ti ọ̀kan tímọ́tímọ́, títí ilẹ̀ fi le tí òjò kò fi lè wọ́ ọ lọ. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a ti ṣe é. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀, ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ìkòkò tí ó fọ́ ni ìlú tí ó ní ọlá tó bẹ́ẹ̀ fi ṣe ọ̀nà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n mímọ iyì àlòkù kò tí ì sọ fún wa ẹni tí ó ni ín. Èdè wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wa lórí èyí. Bí a bá ní 'Ó sọ ọ́ nù', gbólóhùn yìí ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé nǹkan náà bọ́ lọ́wọ́ onínǹkan láìmọ̀, tí ó sì ń wá a kiri títí di òní. Ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú síta nítorí pé kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún àdánù àti fún ìpinnu. Ẹni tí ó he nǹkan kò lè fi ojú lásán mọ èwo ni nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń bi ẹni tí ó rí nǹkan he, tí ó sì ń yọ̀, pé ẹni tí ó sọ ọ́ nù ńkọ́? Ohun kẹta tún wà tí kì í ṣe èyí tí ó sọ nù, tí kì í sì í ṣe èyí tí a jù nù: ohun tí a gbé sílẹ̀. Pákó tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí a kò tí ì kọ́ tán lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí koríko bò ó, kí aláǹgbá máa sùn lórí rẹ̀. Síbẹ̀ olówó rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Owó tí yóò fi parí ilé ni kò tí ì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ṣe olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ́ àtíbàbà sí ọgbà ẹ̀fọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì pinnu láàrin ara wọn pé àwọn kò ní náwó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mẹ́rin nínú wọn ru pákó gígùn àti kúkúrú dé. Inú ilé kan tí a kò tí ì kọ́ tán ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ilẹ̀ ni ó wà, òjò ń pa á, àwọn kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Olùkọ́ kan sọ pé wọ́n ṣe dáadáa, nítorí pé ikán ni ì bá jẹ ẹ́. Olùkọ́ mìíràn sọ pé olè ni wọ́n jà. Níkẹyìn, a fi ẹnu kò pé kí èmi àti àwọn ọmọ náà lọ rí onílé.

Bàbá tí ó ni ilé náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, kò sì bínú. Ó ní pákó gígùn wọ̀nyí ni òun yóò tún lò nígbà tí òun bá fẹ́ da kọnkéré òkè ilé. Ní ti àwọn kúkúrú, ó ní òun kò lè fi wọ́n tọrẹ, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n máa ń kó wọn tà fún àwọn olóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi àwọn páànù kan tí wọ́n tú kúrò lórí ilé bàbá rẹ̀ hàn wá, ó sì ní kí a máa kó wọn lọ. Bí a ti ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ fún mi pé, 'Sà, bí ó bá jẹ́ pé a kò lọ béèrè ni, gbogbo pákó yẹn ni ì bá wà lọ́wọ́ wa.' N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an ni kókó ohun tí mo fẹ́ sọ. Òtítọ́ ni pé ìbéèrè ná wa ní nǹkan. Ẹni tí ó bá béèrè ti gbà pé a lè sọ fún òun pé 'rárá'. Bí ó bá gba 'rárá', yóò padà ní ọwọ́ òfo, tàbí kí ó dá ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Owó tí ó wà lórí ohun ọ̀fẹ́ nìyẹn. Nǹkan kì í di ọ̀fẹ́ kìkì nítorí pé a kò sanwó lé e lórí. Ó di ọ̀fẹ́ nígbà tí ẹni tí ó lágbára láti fi dù wá bá yọ̀ǹda rẹ̀ tinútinú. Páànù tí bàbá náà fún wa jẹ́ ọ̀fẹ́. Pákó tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbé kì í ṣe ọ̀fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò náwó lórí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àṣà wa ti mọ èyí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí kò lè rù ú tán ní ọjọ́ kan, a máa fi ààlè lé e. Kí ni a fi ń ṣe ààlè? Àkísà, bàtà tí ó ti já, ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín. Ohun tí a ti jù nù ni a fi ń sọ fún gbogbo ayé pé èyí kò tí ì di ohun àjùnù. Ọ̀rọ̀ ààlè jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, fi kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2011, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Vigilant Things. Lójú tèmi, ẹnu ni ààlè jẹ́ fún ẹni tí kò sí nítòsí. Ó ń bá a sọ pé 'rárá' nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a kò bá ti rí ààlè, kò túmọ̀ sí pé onínǹkan ti sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni'.

Yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni nǹkan, a tún gbọ́dọ̀ ronú kan ẹni tí ó ti ń jẹ níbẹ̀ kí a tó dé. Ní ilé-iṣẹ́ ìlagẹdú, èèpo gẹdú àti ìgékù pákó lè dà bí ìdọ̀tí lójú àjèjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rà wọ́n ṣe igi ìdáná. Àwọn aládìyẹ sì ń kó ìyẹ̀rẹ̀ igi tí ayùn ń bù sílẹ̀ lọ tẹ́ ilé adìyẹ. Lórí ààtàn pàápàá, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé irin, ike àti páálí tí wọ́n ń ṣà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Olùkọ́ tí ó ń gba owó oṣù, tí ó fẹ́ fi àtíbàbà ṣe ọgbà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, lè mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ láì tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ìwọ̀nba ìgékù tí ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ń tà kò tó nǹkan lójú wa; lójú tirẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán ni.

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹni tí ó ń gbà ni a ń bá wí. Ẹni tí ó ń fi nǹkan sílẹ̀ náà ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ sọ. Láàrin 1987 sí 1988, a fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá irin tí ó kún fún pàǹtí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí Kókó, ìlú èbúté kan ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́lì ìgbà náà, tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà ní 1991. A pè wọ́n ní ohun tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Àgbàlá kan ni wọ́n yá ní owó táṣẹ́rẹ́, tí wọ́n sì tò wọ́n sí. Lójú ará ìlú, àgbá tí ó dára ni. Àwọn kan da ohun tí ó wà nínú wọn nù, wọ́n sì ń pọn omi sínú wọn. Àṣírí tú ní oṣù kẹfà ọdún 1988. A kó pàǹtí náà padà sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èbúté ní Yúróòpù kò fún Karin B, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, láyè láti gúnlẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun Nàìjíríà gbé Òfin 42 jáde, tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá kó irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní 1989 ni a ṣe Àdéhùn Basel láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, tí ó sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún orílẹ̀-èdè tí a fẹ́ kó pàǹtí olóró lọ, kí ó sì fi ọwọ́ sí i, kí ẹrù tó gbéra.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè tí a bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ ni ó tún yọjú níhìn-ín. Àwọn ará Kókó kò ní ààyè láti sọ pé 'rárá', nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ òtítọ́ fún wọn. Àgbá náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó ń pọn omi sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni yóò fi san owó náà.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú. Páànù asbestos ni a fi bo ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ láyé àwọn bàbá wa. Nígbà tí a bá tú irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ó máa ń rọrùn láti fi tọrẹ. Bí ẹni tí ó gbà á bá gé e tàbí tí ó fọ́ ọ, eruku rẹ̀ tí ojú kò lè rí yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àrùn jẹjẹrẹ tí ó ń fà sì lè pẹ́ tó 20 sí 40 ọdún kí ó tó fara hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de lílò rẹ̀ ní 1999. Pálẹ́ẹ̀tì náà ní ohun tí ó ń sọ. Láti 2002 ni ìlànà àgbáyé kan ti wà pé kí a tẹ àmì sí ara pákó tí a fi ń kó ẹrù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. HT túmọ̀ sí pé ooru ni a fi pa kòkòrò inú rẹ̀. MB túmọ̀ sí pé gáàsì olóró ni, ó sì yẹ kí a yẹra fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn kan ń fi kun ẹsẹ̀ òpó nítorí ikán. Ó lè lé ikán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó wà nínú ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí. Ẹni tí ó mọ irú nǹkan wọ̀nyí, tí ó fi àlòkù tọrẹ láì sọ̀rọ̀, kò ṣe oore.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Bí a bá ní kí a máa béèrè gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, ṣé a ó lè kọ́ àtíbàbà kankan? Pákó yóò jẹrà níbi tí ó wà, a ó sì tún wọ igbó lọ gé igi tútù. Àwíjàre yìí lágbára. Fífi ohun rere ṣòfò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ẹni tí ó sì jẹ́ kí pákó jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń wá èyí tí yóò fi tún ilé adìyẹ ṣe kò lè fi orúkọ onínǹkan dá ara rẹ̀ láre. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gan-an ni oògùn ìfiṣòfò. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi àlòkù lọ ẹlòmíràn, kí ó má baà dà bí àfojúdi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ béèrè ti mú ìtìjú náà kúrò. Bí kì í bá ṣe pé a lọ rí bàbá yẹn ni, páànù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀ títí ìpẹtà yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ní ti ohun tí a bá lórí ààtàn tí a kò rí ẹni tí ó ni ín, tí a ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nítòsí, tí a sì ti mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀, kí a gbé e láì bẹ̀rù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá fún yín ní àròkọ aláríyànjiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ má ṣe kánjú gbè sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ méjì tí mo mẹ́nu bà. Ẹ kọ́kọ́ ya ohun mẹ́rin sọ́tọ̀: ohun tí ó sọ nù, ohun tí a jù nù, ohun tí a gbé sílẹ̀, àti ohun tí a fi tọrẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó ń fi í jẹun, àti ewu tí ó wà lára rẹ̀.

Ta ni ó wá san owó àtíbàbà ọ̀fẹ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí ó tọ́ ni a gbà kọ́ ọ, ẹni tí ó ni ohun èlò san nínú rẹ̀ nígbà tí ó yọ̀ǹda wọn, ẹni tí ó kọ́ ọ sì san nígbà tí ó béèrè, nígbà tí ó fara mọ́ 'rárá', nígbà tí ó ń na ìṣó tí ó ti wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta, àti nígbà tí ó fi ààyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí oòrùn ń pa lójú ọ̀nà. Bí àwọn méjèèjì kò bá san án, ọmọ iṣẹ́ káfíńtà lè san án, ọmọdé tí ó mu omi inú àgbá sì lè san án, wọn kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n jẹ gbèsè náà.